Àwọn Tó Gbọ́ Ọ Ló Dá A Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Orin Pọ́ǹkì Inú Gáréèjì

Alága wa, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lórí ìdúró lẹ́yìn nítorí àga kò kárí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró.

Orin tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, pọ́ǹkì inú gáréèjì, ọ̀pọ̀ yín á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Kì í ṣe orin tó ń tuni lára. Gìtá rẹ̀ ha létí, ẹni tó ń kọ ọ́ ń pariwo, ìlù á máa sáré ṣíwájú àwọn yòókù bíi pé ó ní ibì kan tó ń lọ. Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, tí wọ́n ń dánra wò nínú gáréèjì tí bàbá wọn ń gbé mọ́tò sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ, ẹ sì lè bá mi jà sí i tí mo bá ṣe tán: àwọn tó ń lu gìtá yẹn kò mọ̀ pé ẹ̀yà orin kan làwọn ń ṣe. Àwọn tó gbọ́ ọ ló sọ ọ́ di ẹ̀yà orin, àwọn olólùfẹ́ tó ń pe ara wọn sí kọ̀rọ̀ pé, "Ìwọ, ṣé o ti gbọ́ àwọn wọ̀nyí?"

Ẹ jẹ́ ká fi orin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1957, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Los Angeles, Richard Berry, gbé "Louie Louie" jáde. Atukọ̀ ọmọ Jàmáíkà kan ló wà nínú orin náà, tó ń sọ fún ẹni tó ń ta ọtí pé òun ní láti padà sílé lọ bá olólùfẹ́ òun. Orin náà tà díẹ̀, ó sì rọlẹ̀. Berry ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 750 dọ́là, torí ó ń múra ìgbéyàwó. Bó ṣe yẹ kí ìtàn náà parí nìyẹn. Àmọ́ ní ìlú Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington lókè lọ́hùn-ún, ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Rockin' Robin Roberts rí àwo náà láàárín àwọn àwo ẹ̀dínwó tí ẹnikẹ́ni ò rà. Ó rà á, ó gbọ́ ọ, ó sì gbé e tọ ẹgbẹ́ The Wailers lọ. Kì í ṣe Wailers ti Bob Marley o, àwọn wọ̀nyí ti wà ṣáájú wọn. Ní 1961, tiwọn jáde, kò sì pẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ olórin kéékèèké ní agbègbè náà fi ń kọ ọ́ lóde ijó.

Ní oṣù kẹrin 1963, The Kingsmen láti Portland wọ sítúdíò. Wọ́n gbé máìkì kọ́ sókè, Jack Ely tó ń kọrin sì ní láti na ọrùn kó máa kígbe sí i, tòun ti wáyà tí dókítà fi tò ó léyín. Níbì kan láàárín orin náà, ó tètè wọlé kó tó kàn án. Onílù ló fi ìlù bò ó mọ́lẹ̀. Wọn kò tún un ṣe. Wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gun àtẹ orin Amẹ́ríkà dé ipò kejì. Nígbà tí kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí Ely ń sọ, àwọn òbí kan pinnu pé ọ̀rọ̀ rírùn ni. Gómìnà ìpínlẹ̀ Indiana dá sí i. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI gbé àwo náà, wọ́n gbọ́ ọ ní eré kíkankíkan, wọ́n gbọ́ ọ ní eré pẹ̀lẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bó ti wù kó yí, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Owó ìjọba lẹ̀ ń rí yẹn.

Mo sọ ìtàn yìí gùn torí ẹni tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni Roberts, kì í ṣe Berry, kì í ṣe Ely. Ẹni tó dúró níwájú àpótí àwo ẹ̀dínwó. Láìsí ẹni yẹn, orin náà ti kú sí Los Angeles.

Tacoma yìí kan náà ni ẹgbẹ́ The Sonics ti jáde. Ẹ lọ bá àwọn tó fẹ́ràn orin yìí ní Tokyo, ní Madrid, ní Detroit, ẹ bi wọ́n pé ta ni baba wọn. Orúkọ Sonics lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Àwo kékeré wọn àkọ́kọ́, "The Witch", jáde ní 1964. Elípíì àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e ní 1965. Etiquette ló gbé méjèèjì jáde, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Wailers fúnra wọn dá sílẹ̀. Gerry Roslie ló ń kọrin, ọ̀fun rẹ̀ sì ń ya bó ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n lórin kan tí ẹni tó ń kọ ọ́ fi ń yangàn pé májèlé dùn lẹ́nu òun ju wáìnì lọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe elípíì kejì, wọ́n bá kíréètì ẹyin lára ògiri sítúdíò, tí wọ́n fi ń pa ariwo. Ṣe ni wọ́n fà wọ́n ya kúrò. Ariwo yẹn gan-an ni wọ́n wá ṣe. Ẹ rántí kíréètì ẹyin wọ̀nyẹn nígbà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé àìlówó ló jẹ́ kí orin yìí dún bó ṣe ń dún. Àìlówó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, ẹgbẹ́ náà ti tú ká. Kálukú lọ wáṣẹ́ ṣe. Lójú tiwọn, ó ti tán.

Ní New York, ọ̀dọ́ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwo, tó sì tún ń kọ̀wé nípa orin. Lenny Kaye lorúkọ rẹ̀. Òun ló padà di onígìtá fún Patti Smith, akọrin rọ́ọ̀kì. Jac Holzman tó dá ilé-iṣẹ́ àwo Elektra sílẹ̀ ní kó bá òun ṣa àwọn orin tí ayé ti ń gbàgbé jọ. Ní 1972, Nuggets jáde: àwo méjì, orin 27. Èyí tó lọ́jọ́ lórí jù nínú wọn kò ju bí ọdún mẹ́jọ lọ, síbẹ̀ Kaye to wọ́n bí ohun àtijọ́ tó yẹ ká tọ́jú. Nínú ọ̀rọ̀ tó kọ sára àwo náà ló ti pè wọ́n ní pọ́ǹkì, ọdún bíi mẹ́rin ṣáájú kí Sex Pistols, ẹgbẹ́ pọ́ǹkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbé àwo kankan jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú orin tó ṣà, rédíò ti lù wọ́n rí. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló wá ń wá èyí tí rédíò kò lù. Greg Shaw, tó ń ṣe ìwé ìròyìn fún àwọn olólùfẹ́ orin ní Kalifóníà, bẹ̀rẹ̀ àkójọ Pebbles ní 1978. Ní 1983, Tim Warren bẹ̀rẹ̀ Back from the Grave lábẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Crypt. Ti Warren ló burú jù, mo sì sọ ọ́ láti fi yìn ín. Kò fẹ́ èyí tó dùn. Èyí tó le ló fẹ́, àwọn àwo tí ọmọ ilé ìwé mẹ́rin dáwó jọ fi ṣe ní ìlú tí ẹ kò ní rí lórí máàpù. Ó wá àwọn olórin náà kàn, àwọn tí wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ, ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn, ó sì kọ ọ́ sára àwo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìtàn tó wà lára àwo yẹn nìkan jẹ́ gbogbo ohun tí ayé mọ̀ nípa wọn.

Níbí ni mo ti fẹ́ ta àwọn olólùfẹ́ lóhùn díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ inú gáréèjì wọ̀nyẹn kì í pariwo ní gbogbo ìgbà. Ọmọkùnrin ọdún 17 ni wọ́n, wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wo àwọn. Wọ́n ń kọ orin ìfẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń ṣe bí Beatles. Ọ̀pọ̀ àwo kékeré wọn ló jẹ́ pé orin ìfẹ́ wà lójú kan, ariwo sì wà lójú kejì. Àwọn olùkójọ mú ojú ariwo, wọ́n fi ojú ìfẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fi àkójọ wọ̀nyí nìkan díwọ̀n, ẹ ó rò pé gbogbo ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ní 1966 ló ya wèrè. Ohun tí mo ń sọ bọ̀ náà ni: àwọn tó gbọ́ ọ ló ṣà á, bí wọ́n sì ṣe ṣà á ló ṣe rí lójú wa lónìí. Èmi ò bínú sí wọn. Tó bá jẹ́ pé ojú ìfẹ́ ni wọ́n ṣà, a kò ní wà níbí lálẹ́ yìí.

Ẹ ti rí bí àwọn àgbà tó ń gbọ́ sákárà ṣe ń jiyàn lórí Yusufu Ọlátúnjí, pé "volume" báyìí ló dùn ju ti báyìí lọ, tí ẹnì kan á ní òun wà lóde ijó náà, tí ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn? Bí àwọn olólùfẹ́ pọ́ǹkì inú gáréèjì ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹnì kan á ní òun rí The Mummies láwọn ọdún 1990, wọ́n fi báńdéèjì wé gbogbo ara, dùùrù ń bọ́ lọ́wọ́ olórin. Ẹnì kejì á ní tó o bá fẹ́ràn ìyẹn, lọ wá Thee Headcoats ti Billy Childish, láti Chatham ní Kent. Ẹnì kẹta á bínú pé wọ́n gbàgbé àwọn ará Japan. Ẹni tó mọ̀ jù nínú wọn ò ní sọ̀rọ̀ títí dé ìparí, á wá dárúkọ ẹgbẹ́ kan tó ṣe àwo kan ṣoṣo, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á sì máa kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ìgbéraga díẹ̀ máa ń wà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò lè purọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn bá ti di mímọ̀, ìfẹ́ náà tán nìyẹn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń jí òkú. Ẹ gbọ́ ti ẹgbẹ́ Death.

Ọmọ ìyá mẹ́ta ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú, ní Detroit: David, Bobby àti Dannis Hackney. Lágbègbè tí Motown, ilé-iṣẹ́ orin àwọn aláwọ̀ dúdú, ti ń ṣàkóso, tí gbogbo ará àdúgbò ń retí kí wọ́n kọ orin sóòlù, rọ́ọ̀kì líle ni wọ́n gbé dání. Bàbá wọn kú nínú ìjàǹbá, David sì sọ ẹgbẹ́ náà ní Death. Lójú tirẹ̀, ikú kì í ṣe ohun tó yẹ ká máa sá fún orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kúkú ń mi orí. Ní 1975, wọ́n gba orin méje sílẹ̀ ní sítúdíò United Sound. Clive Davis, ọ̀kan nínú àwọn alágbára ilé-iṣẹ́ orin Amẹ́ríkà, gbọ́ wọn, ó fẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n pa orúkọ dà. David kọ̀. Ní 1976, wọ́n fi owó ara wọn tẹ àwo kékeré kan jáde, "Politicians in My Eyes", ẹ̀dà 500. Rédíò kò lù ú. Wọ́n kó lọ sí Burlington ní Vermont. David padà sí Detroit, Bobby àti Dannis dúró síbẹ̀, wọ́n ń ṣe régè. David kú ní ọdún 2000. Kó tó kú, ó kó téèpù àwọn orin náà fún Bobby, ó ní kó tọ́jú wọn, pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ayé á wá wọn wá.

Ayé wá wọn lóòótọ́. Àwọn tó ń kó àwo jọ ti ń rí ẹ̀dà kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Wọ́n ń fi gbọ́ ara wọn létí, wọ́n ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ni àwọn wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ náà rìn títí ó fi dé etí àwọn ọmọ Bobby, àwọn tí bàbá wọn kò sọ fún rí pé òun ti kọ irú orin bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn àjèjì ni wọ́n ti kọ́ ìtàn ilé wọn. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Drag City gbé orin méjèèje jáde. Àwọn ọmọ náà dá ẹgbẹ́ Rough Francis sílẹ̀ láti máa kọ orin bàbá wọn, Bobby àti Dannis pẹ̀lú sì tún gòkè lọ sórí ìtàgé. Àwọn tó bá ẹgbẹ́ náà sọ èyí di òótọ́ kò ju ọ̀wọ́ èèyàn kan tó ní ẹ̀dà àwo lọ́wọ́, tí wọn kò sì dákẹ́.

Bó ṣe rí fún àwọn míì náà nìyẹn. The Monks, sójà Amẹ́ríkà márùn-ún ní Jámánì, fá àárín orí wọn bíi mọ́ńkì, wọ́n so okùn mọ́rùn, ọ̀kan nínú wọn gbé báńjò dání. Elípíì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, ní 1966, ilé-iṣẹ́ náà kò sì gbé e jáde ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ọdún 1999 ni wọ́n tó kọ́kọ́ ṣeré nílẹ̀ wọn. Ní ti Sonics, ẹgbẹ́ The Cramps ti kọ orin májèlé yẹn sínú àwo ní 1980, àwọn olólùfẹ́ sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà. Ní 2007, Sonics wá ṣeré ní Brooklyn, lójú àwọn èèyàn tí wọn kò tíì bí nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká. Àwo tuntun wọn jáde ní 2015.

Nínú gbogbo wọn, tọkọtaya kan wà tí mo máa ń fi ọ̀wọ̀ dárúkọ: Fred àti Toody Cole ti Dead Moon, ní Oregon. Fred ti wà nínú ẹgbẹ́ inú gáréèjì láti àwọn ọdún 1960. Òun àtìyàwó rẹ̀ ṣègbéyàwó ní 1967. Ní 1987, wọ́n dá Dead Moon sílẹ̀ pẹ̀lú onílù Andrew Loomis. Iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń ta ohun èlò orin ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Fred ní ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ orin sójú àwo nílé, ohùn kan ṣoṣo, kì í ṣe sítẹ́ríò. Ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ kì í fẹ́ ká gbàgbé ni pé ẹ̀rọ yẹn gan-an ni wọ́n fi gbẹ́ "Louie Louie" ti Kingsmen. Lórí ìtàgé, àbẹ́là máa ń jó lẹ́nu ìgò ọtí lórí ìlù Loomis. Loomis kú ní 2016, Fred ní 2017, ọdún tí ìgbéyàwó òun àti Toody pé 50 ọdún. Yúróòpù mọ̀ wọ́n ju ilé lọ. Bí ẹ bá ní kí n mú ẹgbẹ́ kan fún ẹni tí kò gbọ́ irú orin yìí rí, Dead Moon ni mo máa mú, torí pé tọkọtaya àgbà ló ń kọ ọ́, kò sí ìṣe ọmọdé nínú rẹ̀.

Ẹnì kan á ní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá. Ẹ fọ́ orin Sonics sí wẹ́wẹ́, Little Richard lẹ ó bá nínú rẹ̀. Mick Collins tó dá The Gories sílẹ̀ ní Detroit ní 1986, aláwọ̀ dúdú ni. Gìtá méjì, ìlù kan, kò sí gìtá ohùn ìsàlẹ̀ rárá. Nígbà tó dá The Dirtbombs sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wá fi gìtá ohùn ìsàlẹ̀ méjì àti onílù méjì sí i, bíi pé ó fẹ́ san gbèsè. Àwo wọn ti 2001, Ultraglide in Black, orin sóòlù àwọn aláwọ̀ dúdú ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì tún gbé dìde. Ẹgbẹ́ Pure Hell ti Philadelphia, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, láti 1974. Elípíì wọn dúró di 2006 kó tó jáde.

Nílé wa níbẹ̀, ní 1973, àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's College l'Ékòó tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ofege gbé elípíì jáde pẹ̀lú EMI. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ BLO, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, gbé Chapter One jáde. Èmi ò sọ pé pọ́ǹkì ni wọ́n; orin wọn rọ̀, ó sì ní ijó ìdí nínú. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìwé tó gbé gìtá olóhùn híha dání wọ sítúdíò ni Ofege, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí wọn sì ni bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Death: ilé gbàgbé wọn, àwọn tó ń kó àwo jọ kò gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ Soundway kó irú orin bẹ́ẹ̀ jọ sínú Nigeria Rock Special ní 2008. Ní 2016, Uchenna Ikonne, ọmọ Nàìjíríà, ṣe èyí tó jinlẹ̀ jù, Wake Up You!, pẹ̀lú ìtàn gígùn lórí àwọn olórin náà. Mélòó nínú wa ló ní àwo Ofege nílé bàbá wa, tá a ti fi gbé ìkòkò lé? Ẹ lọ yẹ àwọn àpótí yẹn wò. Bí ẹ bá rí nǹkan kan, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye tó máa tà.

Mo ti gba àkókò yín tó. Àwọn tó ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan, ẹ fi èyí kún un: Goner, ní Memphis. Eric Friedl ti ẹgbẹ́ Oblivians bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ní 1993 kó lè gbé àwo Guitar Wolf jáde, àwọn ará Japan tí ohùn gìtá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ba sípíkà jẹ́. Ó di ṣọ́ọ̀bù àwo ní 2004, àjọ̀dún orin wọn sì ń wáyé láti 2005. Oblivians fúnra wọn ṣe àwo kan ní 1997 pẹ̀lú Quintron, adùùrù láti New Orleans. Orin ìjọ ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní ṣàjèjì sí i. Ẹ̀yin tó fẹ́ràn ìjàngbọ̀n, ẹ wá The Mummies; ṣùgbọ́n wọ́n kórìíra CD débi pé ọdún 2003 ni ọ̀kan tó jáde, àwo dúdú lẹ ó wá.

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ń wò mí. "The Witch" ló máa kọ́kọ́ lù, ìbéèrè yín á wá tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ní kó dín ohùn rẹ̀ kù.